Ìwọ̀n Tó Di Iye

Amedeo Avogadro kú ní 1856 láì mọ nọ́ńbà tí gbogbo ayé ń fi orúkọ rẹ̀ pè lónìí. Ohun tí ọmọ Ítálì yìí sọ ní 1811 ni pé bí gáàsì méjì bá gba àyè kan náà, tí ooru àti ìfúnpá wọn sì dọ́gba, iye mólékù inú wọn dọ́gba. Mélòó ni wọ́n? Kò sọ. Ní 1909 ni Jean Perrin, ará Faransé, ṣẹ̀ṣẹ̀ fi orúkọ Avogadro sọ nọ́ńbà náà. Ní 2019, àwọn onímọ̀ òṣùwọ̀n lágbàáyé dì í pa sí 6.02214076 × 10²³ gẹ́lẹ́.

Ní girama, ìdí ìtàn yìí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ fún wa. Nọ́ńbà ni tísà kọ́kọ́ kọ sójú pátákó, a sì há a sórí. Bí wọ́n bá jí wa lóru, a óò kà á láìṣì. Àmọ́ kí la fẹ́ fi 602 tí òdo 21 tẹ̀ lé ṣe?

Bàbá tó ń tọ́jú yàrá àyẹ̀wò ló là mí lọ́yẹ̀. Ó wọn omi gíráàmù 18 sínú ife kan, ethanol 46 sínú èkejì, ṣúgà 342 sínú ẹ̀kẹta. Ó ní, “Ẹ wò ó, ojú ò lè rí i, ṣùgbọ́n móòlù kọ̀ọ̀kan ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Iye mólékù wọn dọ́gba: nọ́ńbà Avogadro náà ni. Ti ṣúgà ló kàn wúwo jù.”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ẹni tó bá wọn nǹkan ti kà á. Àwọn baba wa tó ná owó ẹyọ náà mọ irú ọgbọ́n yìí: ogójì lórí okùn kan, àádọ́ta okùn di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá di ọ̀kẹ́ kan. Ẹni tó jẹ gbèsè ọ̀kẹ́ mẹ́ta kì í dárúkọ 60,000.

Nígbà tí a wá ń ṣe titration, ó túbọ̀ yé mi. N óò fa caustic soda 25 cm³ sínú ìgò, n óò kán methyl orange sí i, n óò sì máa tú hydrochloric acid láti inú burette díẹ̀díẹ̀. Bí àwọ̀ ìyeyè bá ti yí sí ti ọsàn, iye ásíìdì ti bá iye soda dọ́gba. Ọ̀rọ̀ ìdọ́gba tí Avogadro sọ náà nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó ka mólékù kankan.

Láìpẹ́ yìí, àbúrò mi tó ń múra WAEC bi mí pé mólékù mélòó ló wà nínú pure water kan. Omi náà tó gíráàmù 500. Mo ní kó fi 18 pín in: móòlù 27.8. Ó fi nọ́ńbà Avogadro sọ ọ́ di púpọ̀, ó rí 1.67 × 10²⁵, ẹnu yà á. Mo ní kó fa ìlà sábẹ́ 27.8, torí òun ló máa fi ṣiṣẹ́. Bí a bá fi iná mànàmáná tú omi yẹn ká, háídrójìn móòlù 27.8 ló máa jáde, ìyẹn bíi gíráàmù 56. Ọ́síjìn á jẹ́ ìdajì rẹ̀, móòlù 13.9, bíi gíráàmù 444. A ro ìṣirò náà dópin, a ò sì fi 10²⁵ ṣe ohunkóhun.