Ìrì Nínú Àpò Mi

Attiégou ni mò ń gbé, ní ìhà àríwá-ìlà-oòrùn ìlú Lomé, olùkọ́ èdè Faransé sì ni mí. Ẹni tí ó bá mọ àdúgbò wa mọ̀ pé bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀nà oníyanrìn wa a di odò, àwọn tí ń wa zémidjan a sì máa yà síhìn-ín yà sọ́hùn-ún. Nígbà ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, eruku a gba ojú ọ̀nà kan. Láàárín omi àti eruku yìí ni mo ti ń gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Inú ọ̀rá ni mo ń fi í sí, èmi a sì gbé àpò náà kọ́ àyà bí ìyá tí ó gbé ọmọ ọwọ́. Èrò mi ni pé ẹni tí ó bá ti borí òjò ti borí gbogbo ọ̀tá.

Àbúrò mi ọkùnrin ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Montréal, ní Kánádà. Nínú oṣù kìíní ọdún, òtútù ibẹ̀ lè lọ sí ìwọ̀n 20 nísàlẹ̀ òdo. Nígbà kan tí a jọ ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ṣàlàyé bí òun ṣe ń gbé kọ̀ǹpútà tòun kọjá láàárín yìnyín. Ó máa ń pa á pátápátá kí ó tó jáde, a sì fi aṣọ tí ó nípọn wé e. Bí ó bá délé, kì í ṣí i, kì í sì í fi iná sí i, títí ara rẹ̀ yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ní bátìrì lítíọ̀mù kò gbọdọ̀ gba iná nígbà tí ó bá tutù ju òdo lọ, nítorí pé lítíọ̀mù inú rẹ̀ lè di irin kí ó lẹ̀ mọ́ ibi tí kò yẹ, bátìrì náà kì yóò sì padà sí bí ó ti wà mọ́.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Àbúrò, ìṣòro ilẹ̀ òyìnbó nìyẹn. Ní Lomé, ó ṣọ̀wọ́n kí òtútù sọ̀ kalẹ̀ dé ìwọ̀n 20.”

Ó dáhùn pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wo òtútù nìkan. Ẹ máa wo omi.”

Èmi kò kà á sí.

Ní ìparí sáà kejì, mo lọ gba ìwé kan ní ọ́fíìsì kan láàárín ìlú. Ẹ̀rọ amúlétutù ibẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ká ọwọ́ mọ́ àyà. Wákàtí mẹ́ta ni mo fi dúró, àpò mi sì wà níwájú ẹ̀rọ náà gan-an, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Bí mo ti jáde ni wọ́n pè mí láti ilé-ẹ̀kọ́: wọ́n fẹ́ máàkì kíláàsì troisième kí agogo mẹ́ta tó lù. Mo jókòó sábẹ́ igi kan létí títì, mo ṣí kọ̀ǹpútà náà, mo tàn án. Mo rí ìkùukùu fẹ́ẹ́rẹ́ lójú rẹ̀, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún. Iná rẹ̀ ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, ó kú.

Ẹni tí ó bá mi tú u wò ní omi ni ó wọ inú rẹ̀. Mo búra pé òjò kò rọ̀ lọ́jọ́ náà, n kò sì da omi sí i. Ó mi orí. “Ọ̀gá, omi ni.”

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ni ó là mí lójú. Ó gbé ọ̀rá omi tútù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà sórí tábìlì mi, ó ní kí n wò ó. Kò pẹ́ tí omi fi bò ó lára. Ó ní, “Monsieur, ọ̀rá yìí kò jò. Inú afẹ́fẹ́ ni omi náà ti wá.”

Òtítọ́ ni. Afẹ́fẹ́ tí ó gbóná lè ru oru omi púpọ̀, tiwa sì ń ti orí òkun fẹ́ wọlé. Bí ó bá kan ohun tí ó tutù, oru náà a di ìrì. Ní Montréal, láti inú yìnyín ni kọ̀ǹpútà ti ń wọ ilé tí ó móoru. Ní Lomé, láti inú yàrá tútù ni ó ti ń jáde sínú ooru. Ohun tí ó kọjú sí ẹnìkan, ẹ̀yìn ni ó kọ sí ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ìrì kan náà ni.

Máàkì ọmọ 58 ni ó wà nínú ẹ̀rọ náà, n kò sì ní ẹ̀dà kankan. Mo dúró níwájú wọn, mo jẹ́wọ́, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kó ìwé ìdánwò tí mo ti dá padà fún wọn wá. Ẹ̀rù bà mí: ta ni yóò mú 6 nínú 20 wá nígbà tí ó lè sọ pé ìwé òun sọnù? Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ìwé 58 pé lórí tábìlì mi. Ọ̀kan nínú wọn gba 4. Ẹni tí ó ni ín ti fi téèpù lẹ̀ ẹ́ pọ̀, nítorí pé ó ti fi ìbínú fà á ya.

Láti ìgbà náà, inú yàrá tútù níbẹ̀ ni mo ti ń di ọ̀rá lẹ́nu pinpin kí n tó ṣílẹ̀kùn, kí ìrì lè sẹ̀ sára ọ̀rá, kí ó má sẹ̀ sára ẹ̀rọ. Bí mo bá dé ibi tí mò ń lọ, èmi a dúró fún wákàtí kan kí n tó ṣí i, ẹni yòówù kí ó máa pè mí. Ẹ̀dà gbogbo máàkì sì wà lórí clé USB nílé. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Nígbà tí mo ròyìn fún àbúrò mi, kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó kàn bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ọmọ tí ó gba 4 yẹn ńkọ́?”

Mo ní mo kọ 4 náà sílẹ̀ bí ó ti wà, àti pé ní ọ̀sán Ọjọ́rú, nígbà tí kò sí kíláàsì, àwa méjèèjì a jọ jókòó ti gírámà.