Ìwé Owó Orí Tọkọtaya Tí Òkun Wà Láàárín Wọn

Ọdún kẹfà nìyí tí ọkọ mi ti wà ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, tí èmi àti àwọn ọmọ wa méjèèjì sì wà ní Ìbàdàn. Bí oṣù kejì ọdún bá ti wọlé, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó máa ń gba ẹnu wa lórí fóònù: ṣé kí a jọ kọ ìwé owó orí rẹ̀ ni, àbí kí ó dá tirẹ̀ kọ?

Ní Nàìjíríà, ìbéèrè yìí kò sí rárá. Ẹni tí owó ń wọlé fún ni ìjọba ń bi, yálà ó ní ọkọ tàbí kò ní. Láyé ìjọba amúnisìn pàápàá, owó orí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá yàtọ̀ sí ti ọkọ wọn, ó sì wà lára ohun tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tìtorí rẹ̀ dojú kọ Aláké ní 1947 àti 1948.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tó bá ṣì jẹ́ ọkọ ìyàwó ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún kò lè pe ara rẹ̀ ní àpọ́n nínú ìwé. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kí ó kúkú kọ ara rẹ̀ sílẹ̀ bí olórí ilé, ṣùgbọ́n ìyẹn ń béèrè ọmọ tàbí ẹbí tó ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ bí òfin ti là á kalẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi sì ni àwọn ọmọ wa wà.

Àjọkọ máa ń dín owó kù, n kò ní purọ́. Fún ọdún 2024, 29,200 dọ́là ni wọ́n ń yọ sẹ́yìn fún tọkọtaya tó jọ kọ ọ́ kí wọ́n tó bu owó orí. 14,600 ni fún ẹni tó dá kọ ọ́. Ká ní ẹnì kan gba 60,000 dọ́là, tí ohunkóhun kò wọlé fún ìyàwó rẹ̀, tí kò sì sí ẹ̀dínwó mìíràn: 3,232 dọ́là ni ìjọba àpapọ̀ yóò gbà bí wọ́n bá jọ kọ ọ́, 5,216 bí ó bá dá kọ ọ́. Owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ni ìyàtọ̀ yẹn.

Ṣùgbọ́n irú èmi, tí n kì í ṣe ọmọ ibẹ̀, tí n kò sì gbé ibẹ̀, kò lè ṣàdédé bọ́ sínú ìwé náà. Àwa méjèèjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n kà mí sí olùgbé Amẹ́ríkà. Láti ìgbà náà, owó iṣẹ́ mi n'Íbàdàn àti owó tí àwọn ayálégbé ń san lórí ilé tí bàbá mi fi sílẹ̀ yóò di ohun tí a ń ròyìn fún wọn. Lóòótọ́, a lè yọ owó orí tí mo ti san níbí kúrò nínú tiwọn. Bí a bá sì fòpin sí ìpinnu yẹn, a kò lè tún un ṣe mọ́.

Èyí tó wúwo jù ni ti gbèsè. Ẹni méjì tó bá jọ fọwọ́ sí ìwé yẹn ti jọ jẹ gbèsè rẹ̀ lódindi, kì í ṣe ìdajì-ìdajì. Ọkọ mi ń fi ẹrù ránṣẹ́ sílé fún àwọn oníbàárà lẹ́yìn iṣẹ́ oṣù rẹ̀. N kò tíì fi ojú kan àkọsílẹ̀ òwò náà rí. Òfin ní ọ̀nà tí ìyàwó tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ fi lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n yọ ọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá mi jẹ́rìí láti Ìbàdàn?

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin pè mí. “Ìyàwó mi, ṣé o kò fọkàn tán ọkọ rẹ ni?”

“Aǹtí mi, mo fọkàn tán wọn. Ìwé òwò wọn ni n kò tíì rí.”

Ohun tó tì mí lẹ́yìn jù lọ ni pé ẹni tó dá kọ ọ́ lè yí i padà sí àjọkọ láàárín ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n bí gbèdéke oṣù kẹrin bá ti kọjá, àjọkọ kò ṣeé pín mọ́. Ọkọ mi gba èyí yẹ̀ wò, ó sì dá tirẹ̀ kọ lọ́dún yìí. Lẹ́tà mẹ́ta péré, NRA, ló wà níbi tó yẹ kí nọ́ńbà mi wà. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àkọsílẹ̀ àwọn ẹrù náà ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Mo ti ka ti oṣù méjì.