Ta ló láṣẹ láti gbógun lọ sí Niger?

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ogun díẹ̀. Kì í ṣe ogun orí fóònù o, èyí tí wọ́n ń fi ọmọ ọlọ́mọ jà.

Oṣù Keje ọdún 2023, àwọn sójà gbàjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Mohamed Bazoum ní Niger. Nígbà tó di ọjọ́ 30, ECOWAS fún wọn ní ọjọ́ méje: ẹ dá a padà sípò, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ a lè lo agbára. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbí, ariwo ta: "Ẹ wọlé tọ̀ wọ́n lọ!"

Sójà ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Èmi ò lè bá wọn pa irú ariwo yẹn. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, ta ló láṣẹ láti rán an lọ?

Mo lọ ka ìwé àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ti ọdún 1945. Abala 2(4) sọ ọ́ ní tààràtà: orílẹ̀-èdè kan ò gbọdọ̀ gbógun ti òmíràn, kò tiẹ̀ gbọdọ̀ fi ogun halẹ̀ mọ́ ọn. Àyè méjì péré ló wà. Tí wọ́n bá kọlù ọ́, o lè gbèjà ara rẹ (Abala 51). Tàbí kí Ìgbìmọ̀ Ààbò fọwọ́ sí i. Abala 53 sì ní àjọ bíi ECOWAS náà gbọ́dọ̀ gba àṣẹ yẹn.

Niger ò kọlù wá. Ìgbìmọ̀ Ààbò ò sì fún ẹnikẹ́ni láṣẹ.

Ẹlòmíì á ní, "Gámbíà 2017 ńkọ́?" Ìbéèrè gidi nìyẹn. Adama Barrow tó wọlé ìbò ló pe ECOWAS fúnra rẹ̀, lẹ́yìn tó búra ní Dakar. Bazoum náà ké gbàjarè látinú àtìmọ́lé. Ibẹ̀ làwọn amòfin ti ń jiyàn: ṣé ẹni tí ò lè ṣílẹ̀kùn ilé ara rẹ̀ lè pe àlejò wọlé?

Nílé níbí ńkọ́? Òfin ọdún 1999, abala 5, ní kí Ààrẹ gba àṣẹ Ilé Aṣòfin Àgbà kó tó kó ọmọ ogun lọ jà nílẹ̀ òkèèrè. Tinubu kọ̀wé sí wọn. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ, wọ́n ní kó wá ọ̀nà mìíràn. Ogun ò ṣẹlẹ̀. Ogun àsọtẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Torí náà, tẹ́nì kan bá tún pariwo "ẹ wọlé tọ̀ wọ́n lọ", ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi í ní ìbéèrè méjì: ta ló kọlù wá? Ta ló fọwọ́ sí i? Tí ò bá rí èsì, kó jókòó jàre.