Kábínẹ́ẹ̀tì Mọ́mì mi

Ẹ jókòó, mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kábínẹ́ẹ̀tì fún yín. Kò ní sí fọ́tò o. Ẹ máa rí ìdí ẹ̀ tó bá yá.

Ìyànà-Ìyẹsí là ń gbé, ní Ọ̀tà. Mo jáde yunifásítì, mi ò ríṣẹ́, mo wá ń ya fídíò ilé tí wọ́n tún ṣe: bó ṣe rí tẹ́lẹ̀, bó ṣe rí báyìí. Òun ló ń ra dátà. Ilé ìdáná Mọ́mì mi ti wá burú. Ilẹ̀kùn kábínẹ́ẹ̀tì méjì ti já, okùn ni wọ́n fi so ìkan. Èéfín àti epo ti sọ ìyókù di dúdú. ₦35,000 ló wà lọ́wọ́ mi.

Ohun tó wà lọ́kàn mi ni kí n tú gbogbo ẹ̀ dànù, kí n ra èyí tó ń dán, tí wọ́n fi MDF ṣe. Mo pe Bàbá káfíńtà kan láti Jóju. Ó fọwọ́ gbá a, ó ní, "Ìyá mi, ta ló ní kó o tú èyí? Igi gidi nìyí. Èyí tó o fẹ́ rà yẹn, ìyẹ̀fun pákó tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ ni. Tómi síǹkì bá ti ń kàn án, á wú bíi búrẹ́dì inú tíì." Ẹni tó yẹ kó gbowó lọ́wọ́ mi ló ń sọ bẹ́ẹ̀ o.

Ó ṣí ilẹ̀kùn kan, ó tan iná fóònù sí i. Òǹtẹ̀ wà níbẹ̀: DE, HT. Mo wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. DE ni Jámánì. HT ni pé wọ́n ti fi ooru pa kòkòrò inú igi náà kí wọ́n tó fi gbé ẹrù sọdá òkun. Ìlànà àgbáyé kan tí wọ́n ń pè ní ISPM 15, tó jáde ní 2002, ló ní kí wọ́n máa lu irú òǹtẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí MB, kẹ́míkà ni wọ́n fi pa tiẹ̀. Ẹ má gbé ìyẹn wọ ilé ìdáná.

Dádì mi ló gbé igi yẹn wálé. Ilé-iṣẹ́ kan lọ́nà Ìdí-Ìrókò ló ti ṣiṣẹ́, wọ́n sì máa ń ta páálẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi kó ẹ̀rọ wá fún àwọn òṣìṣẹ́ ní owó pọ́ọ́kú. Mo rántí ẹ̀ lẹ́yìn ọ̀kadà, tó fi ọwọ́ méjèèjì di pákó mú. Ó kú ní 2019. Èmi sì fẹ́ kó o fún àwọn akólẹ̀!

Ihò skúrúù ti gbòòrò, híńjì ò dúró mọ́. Bàbá ki igi ìṣáná bọ Top Bond, ó kì í sínú ihò, ó gbẹ mọ́jú, ó dá skúrúù padà. Ó le gan-an! Èmi ni mo ba iṣẹ́ jẹ́. Mo kánjú, mo kun ọ̀dà lé orí epo. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo fi èékánná kàn án, ó ń bó bí èèpo ẹ̀pà. Odidi agolo kan ṣòfò. A padà fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, a fi sándípépà ha á, a nù ún, ó gbẹ, ká tó kun ọ̀dà gloss lẹ́ẹ̀mejì. Owó mi tán pátápátá.

Fídíò ńkọ́? Mo ti ya "tẹ́lẹ̀" kí Mọ́mì tó jí. Nígbà tí wọ́n rí fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n fi ara bo ilẹ̀kùn tó já. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé káyé rí i pé bí mo ṣe wà látìgbà tí bàbá ẹ ti kú nìyí ni?"

Mi ò lè dá wọn lóhùn. Mo pa á rẹ́. Fídíò ilé ìdáná máa ń rìn dáadáa lórí pééjì mi, ó sì dùn mí, mi ò ní purọ́.

Nígbà tí ọ̀dà kan inú ilẹ̀kùn olóǹtẹ̀ yẹn, wọ́n ní ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ àti Maggi nìkan ló wà níbẹ̀. Wọ́n ti ṣí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárọ̀ yìí.