Kí Ló Ń Yún Ajá Ilé Wa?

Bí ajá bá bẹ̀rẹ̀ sí í họra ní Adó-Èkìtì, gbogbo àdúgbò ló ń di oníṣègùn. Mẹkáníìkì tó wà níkòríta á ní kí wọ́n fi ọ́ìlì dúdú tó dà kúrò nínú ẹ́ńjìnnì ra á lára. Màmá tó ń ta ẹ̀kọ á ní àdín ni, kí wọ́n po imí ọjọ́ mọ́ ọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gba yàrá sẹ́yìnkùlé á ní òun rí i lórí fóònù pé ewé dọ́ńgóyárò ló ń wò ó. Ẹni tí n kì í sábà rí láàárín wọn ni ẹni tó máa kọ́kọ́ béèrè pé: kí ló ń yún ajá yìí gan-an?

Yíyún kì í ṣe orúkọ àrùn. Ohun tó ń yún ajá pọ̀, ojú kan náà sì ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń hàn: irun á re, awọ á pọ́n, bó bá pẹ́ á dúdú, á sì nípọn, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó lè jẹ́ eégbọn. Ó lè jẹ́ iná tàbí làpálàpá. Ó lè jẹ́ oúnjẹ tí ara ajá náà kò gbà, títí kan ẹran màlúù àti adìẹ tí a rò pé a fi ń kẹ́ ẹ. Èyí tí mo rí jù lára ajá tó ń rìn kiri ní Ọjà Ọba àti Ọjà Bísí ni kúrúnà.

Ojú lásán kò lè rí kòkòrò tó ń fa kúrúnà ajá. Abo rẹ̀ ló ń gbẹ́ ihò sínú awọ, ibẹ̀ ló sì ń yé sí. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, ẹyin òní ti di àgbà tó ń yé tirẹ̀. Etí, ìgúnpá àti oríkèé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́. Nígbà tí kúrúnà mú Wọn-ò-mọ̀, ajá mi (orúkọ ajá lọ́dọ̀ wa kì í ṣe ti ajá, ti aládùúgbò ni), dókítà ẹran tí mo gbé e lọ bá fi ìka méjì mú ṣóńṣó etí rẹ̀, ó pa á pọ̀ mọ́ra, ó ń rọra ra á. Lójú ẹsẹ̀ ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ajá bẹ̀rẹ̀ sí í họ afẹ́fẹ́. Dókítà náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ wò ó, sà, òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́.” Ọ̀pọ̀ ajá tó ní kúrúnà ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi abẹ ha awọ rẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ fi yọ, ó sì lọ wò ó lábẹ́ máíkírósíkópù. Ó tún kìlọ̀ fún mi pé bí a kò bá tilẹ̀ rí kòkòrò kan, ìyẹn kò ní kó má sí níbẹ̀.

Kòkòrò mìíràn wà tó ń gbé inú ihò irun. Ara ìyá ni ọmọ ajá ti ń kó o, ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ tó ń mu ọmú. Ọ̀pọ̀ ajá ló ń gbé e kiri láìsí wàhálà. Ìgbà tí ara kò bá lágbára mọ́, bóyá nítorí ebi, aràn tàbí àìsàn mìíràn, ló ń pọ̀ lápọ̀jù, tí irun ojú àti ti ẹsẹ̀ á wá máa re. Èyí kì í sábà yún ajá níbẹ̀rẹ̀, kì í sì í ràn ènìyàn. Ìtọ́jú méjèèjì kò rí bákan náà, ìdí nìyí tí fífi abẹ ha awọ kì í fi í ṣe àṣejù.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni abẹ́rẹ́ dexamethasone. Wọ́n á gún un fún ajá tó ń họra, kí ilẹ̀ tó mọ́, híhọra ti dákẹ́, ẹni tó ni ajá á san owó rẹ̀ pẹ̀lú ọpẹ́. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ yẹn kò pa kòkòrò kankan. Agbára tí ara fi ń bá wọn jà gan-an ló ń tẹ̀ rì, pàápàá èyí tó wà nínú ihò irun. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, àrùn tó wà ní ojú nìkan á ti dé ìrù.

Ní ti ọ́ìlì dúdú, n kò ní parọ́ mọ́ ọn: nígbà mìíràn irun ajá á tún hù lẹ́yìn rẹ̀, ìdí nìyẹn tí orúkọ rẹ̀ kò fi kú. Ṣùgbọ́n ajá kì í jẹ́ kí ohun kan pẹ́ lára rẹ̀ láì lá a, májèlé tó wà nínú ọ́ìlì tó ti jóná ń lọ sínú ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín. Imí ọjọ́ tí ìyá ẹlẹ́kọ dárúkọ ní ẹsẹ̀ tó dúró lé, ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà pàápàá ti ń lò ó fún kúrúnà. Èyí tí n kò rí àwáwí kankan fún ni dichlorvos, oògùn kòkòrò tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Sniper. Ní 2019 ni NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, fòfin de títa ìgò rẹ̀ kékeré nítorí àwọn tó ń fi í gbẹ̀mí ara wọn, síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń bù ú sómi láti fi wẹ ajá.

Oògùn tó gbajúmọ̀ jù fún kúrúnà ajá kò ṣàjèjì sí Èkìtì. Ọmọ Japan kan, Satoshi Ōmura, ló bu iyẹ̀pẹ̀ nítòsí pápá gọ́ọ̀fù kan nílùú Ito; William Campbell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní iléeṣẹ́ Merck ló rí nínú rẹ̀ ohun tó di ivermectin. Ẹran ọ̀sìn ni wọ́n kọ́kọ́ tà á fún, ní 1981. Ní 1987 ni Merck kéde pé àwọn yóò máa fi ta ènìyàn lọ́rẹ, lórúkọ Mectizan, fún inárun, àrùn tí amùkúrù, eṣinṣin kékeré etí odò, ń kó ran ni. Ilẹ̀ òkè tí odò ń sáré lórí àpáta bíi tiwa kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ní abúlé mọ bí inárun ṣe ń yún ni, wọ́n sì rántí ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn gíga olúkúlùkù kí wọ́n tó ka hóró oògùn sí i lọ́wọ́. Ní 2015, Ōmura àti Campbell wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel.

Ọ̀pá yẹn ló ń wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo bá rí ẹni tó ń fi ojú wọn ivermectin màlúù fún ajá níwájú ṣọ́ọ̀bù oògùn adìẹ. Mílígíráàmù 10 ló wà nínú mílílítà kan rẹ̀. Ohun tí ajá kílò 20 ń gbà kì í sábà tó mílílítà kan. Àwọn ajá kan tilẹ̀ wà tí èyí pọ̀ jù fún, Collie àti àwọn ìbátan rẹ̀ tí wọ́n fi ń da àgùntàn ní Yúróòpù. Àbùkù kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìran wọn, tí kì í jẹ́ kí ọpọlọ lè ti oògùn náà jáde. Ajá bẹ́ẹ̀ á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, á fọ́jú, á dákú, ó sì lè kú. Wọ́n ti rí i lára àwọn Alsatian kan pẹ̀lú. Nínú ajá tí a ń rà ní Adó lónìí, tí bàbá jẹ́ ti òkèèrè, tí ìyá jẹ́ ti ìbílẹ̀, ta ló mọ ìran ẹni tó wà níbẹ̀?

Ìtìjú tún wà nínú ọ̀rọ̀ kúrúnà. A máa ń rò pé ìdọ̀tí ló fa kúrúnà, nítorí náà a ń so ajá mọ́ ẹ̀yìnkùlé tàbí ká lé e síta ní òru. Èyí tí a lé síta ló ń kó o ran ajá ẹlòmíràn. Bí kòkòrò náà bá sì gun ọmọdé tó ń gbé ajá mọ́ra, ikùn àti apá ọmọ á máa yún. Kò lè pẹ́ lára ènìyàn, á tán bí ajá bá ti sàn, ṣùgbọ́n bí ajá kò bá sàn, ọmọ náà kò ní sinmi. Ti eégbọn le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó ń yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin sínú ihò ògiri. Ẹni tó wẹ ajá láì fín ògiri kò tíì ṣe nǹkan kan.

Nígbà tí ẹ bá ń mú ajá lọ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní kí dókítà gbé e sórí ìwọ̀n, kó sì ha awọ rẹ̀ wò. Gbogbo ajá tó wà nílé ni kí ẹ kó lọ, kì í ṣe èyí tó ń họra nìkan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ padà lọ, bí híhọra tilẹ̀ ti dákẹ́: ivermectin kì í pa ẹyin kòkòrò.