Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta ní Ìkẹjà

Láti ìgbà tí a ti wọlé padà ni púpọ̀ nínú ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi ti ń bi mí léèrè ohun tí mo lọ rí ní Ìkẹjà ní àkókò ìsinmi. Èmi kì í ṣe ará ìlú ńlá, bí ẹ ti mọ̀. Nítorí náà, kí àwọn ará Èkó tí ń bẹ láàárín wa má ṣe fi mí ṣe ẹlẹ́yà bí mo bá ń ròyìn ohun tí kò jọ wọ́n lójú mọ́.

Ọ̀dọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni mo wọ̀ sí, ní Agége. Bọ̀ọ̀dá ni mo ń pè é. Òun ni ó kọ̀wé sí mi pé ààyè ṣí sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ tí òun wà ní Ìkẹjà, àti pé owó rẹ̀ ju owó olùkọ́ lọ. Mo bẹ àwọn olùkọ́ wa kí wọ́n má bínú: n kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni kí n tó lọ.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ní ọjọ́ kìíní ni ohùn àwọn oníbúrẹ́dì ti jí mi. Búrẹ́dì Agége rọ̀, síbẹ̀ ó wúwo lọ́wọ́. Mo lọ wo ibi tí a ti ń ṣe é: wọ́n ń ti ìyẹ̀fun pípò náà bọ inú ẹ̀rọ, wọ́n ń fà á yọ, wọ́n tún ń tì í bọ̀ ọ́, títí yóò fi máa dán bí aṣọ tí a lù. Ará Jàmáíkà kan, Amos Shackleford, tí ó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè ní 1913, ni ó sọ búrẹ́dì ṣíṣe di òwò ńlá ní Èkó láti 1921. Ṣùgbọ́n Agége ni orúkọ mọ́ lára. Ẹ̀wà agọnyìn ni èmi àti ìyàwó Bọ̀ọ̀dá fi jẹ ẹ́. Bọ̀ọ̀dá kò sí níbẹ̀. Ó ti jáde lọ nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú 15 kí aago 5 lù.

Láti oṣù kẹwàá 2024 ni rélùwéè tuntun ti ń kó èrò láti Agbádó dé Òyìngbò, ó sì ń dúró ní Agége àti ní Ìkẹjà. Ṣùgbọ́n dánfó ni mo wọ̀, nítorí mo fẹ́ gbọ́ ariwo rẹ̀. Kọ̀ǹdọ́kítọ̀ ń ké pé, “Ìkẹjà Along! Ẹ mú ṣéńjì yín dání o!” Èmi kò ní ṣéńjì. Ó fi owó kan ṣoṣo lé èmi àti ìyá kan lọ́wọ́, ó ní kí a lọ pín in. Ìgbéyàwó ni wọ́n ń pe èyí. Ìyàwó mi náà sì bú mi títí a fi rí ẹni bá wa ṣẹ́ owó.

Ilé gbígbé ni ó kún àdúgbò Ọ̀tìgbà tẹ́lẹ̀; ọjà fóònù àti kọ̀ǹpútà ni ó di, tí a ń pè ní Computer Village. Níbẹ̀ ni mo ti rí ọmọkùnrin kan lábẹ́ agboòrùn, kò dàgbà jù mí lọ, tí ó ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta. Kò ṣe àlàyé kankan. Ó gbé fóònù tí ó bàjẹ́ lé ọ̀kan lọ́wọ́, ó ní, “Wá ibi tó ń dùn ún.” Mo dúró wò wọ́n fún wákàtí kan. Bí ó bá jẹ́ pé a rán an wá síhìn-ín fún ìdánwò ìkọ́ni, ìbá gba máàkì jù mí lọ.

Nígbà tí Ìkẹjà ṣì wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, ni ìjọba náà ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́. Nísinsìnyí àwọn ọgbà kan ti di gbọ̀ngàn àpèjẹ àti ilé ìsìn. Ọdún kọkànlá rèé tí Bọ̀ọ̀dá ti wà ní ibi iṣẹ́ tirẹ̀. Owó ojúmọ́ ni wọ́n sì ń san fún un títí di òní, kò rí ìwé ìgbanisíṣẹ́ gbà.

Ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, ó gbé ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún méjì. Ọmọ náà figbe ta, ó na ọwọ́ sí mi. Ọjọ́ mẹ́fà péré ni mo ti lò nínú ilé náà. Bọ̀ọ̀dá rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ó rò pé àlejò ni mí.” Ìyàwó rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ Ajé tí ó kẹ́yìn, mo bá a lọ. Àwọn tí a bá lẹ́nu géètì ju ogójì lọ. Ọ̀gá kan jáde, kò béèrè orúkọ ẹnikẹ́ni; ìka ni ó ń nà: ìwọ, ìwọ, ìwọ. Ó na ìka sí mi. Bàbá kan tí ó tó bí mi, tí ó wà níwájú mi, yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kí n lè kọjá. Ẹsẹ̀ mi kọ̀. Mo ní, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ̀gbọ́n mi ni mo sìn wá.” Bọ̀ọ̀dá wò mí, ó sì wọlé lọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà kò bá mi sọ̀rọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, tí mo ń padà bọ̀, mo bá búrẹ́dì ńlá mẹ́ta lórí àpótí mi. Ó ti jáde kí n tó jí. Ẹ̀yin tí ẹ bá mi jẹ ẹ́ ní yàrá wa, tí ẹ sì ń béèrè ẹni tí ó rà á, òun ni.