Ìyá Wọ Ọkọ̀ Ojú Irin Etí Òkun

Oṣù méjì ni ìyá wa láti Sábẹ́ ti lò lọ́dọ̀ wa ní Marseille, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, láì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀. Àjà kẹfà ni a ń gbé. Èmi àti ìyàwó mi a lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọmọ a lọ sílé ìwé. Bí wọ́n bá dé, Faransé ni wọ́n ń sọ. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé kí n wá ọkọ̀ òfuurufú fún àwọn. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ni mo bá ní kí gbogbo wa jáde lọ́jọ́ Sátidé.

Orí òkè ni ibùdó ọkọ̀ Saint-Charles wà. Àtẹ̀gùn 104 ni a fi ń gùn ún. Nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n gbẹ́ ère obìnrin kan tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ó dúró fún àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tí Faransé ń ṣàkóso nígbà náà. Ìyá wò ó títí, wọ́n ní: «Èwo nínú wa ló ráyè sùn báyìí?» Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sinmi kí a tó dókè. Láti ibẹ̀ ni a ti rí ṣọ́ọ̀ṣì Notre-Dame de la Garde lókèèrè, tòun ti ère Ìyá Màríà aláwọ̀ wúrà lórí rẹ̀. Ìyá ṣe àmì àgbélébùú.

Ọkọ̀ Miramas tó ń gba etí òkun ni a wọ̀. Ọdún 1915 ni wọ́n ṣí ọ̀nà náà, Côte Bleue ni wọ́n ń pè é. Àpáta ni gbogbo ibẹ̀. Wọ́n lu ihò 23, wọ́n sì kọ́ afárá gíga 18, kí irin tó lè kọjá. (Ẹni tó bá ń ti Marseille lọ, ọwọ́ òsì ni kó jókòó sí.) Bí a ti kúrò ní L'Estaque, òkùnkùn bò wá. Ìyá gbá ọwọ́ ọmọ mi kékeré mú. Kí wọ́n tó lanu, ìmọ́lẹ̀ dé, òkun sì wà nísàlẹ̀ wa, ó dúdú bí aró. Òkùnkùn mìíràn, òkun mìíràn. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, Ìyá ti ń rẹ́rìn-ín.

A sọ̀kalẹ̀ ní Carry-le-Rouet. «Ṣé òkun nìyí àbí ọ̀sà?» ni Ìyá bi mí, nítorí òkun Kútọnu ni wọ́n mọ̀. Ilẹ̀ ló yí èyí ká. Ẹnu rẹ̀ há ní Gibraltar, ìgbì ńlá Àtìláńtíìkì kì í ráyè wọlé. Ní oṣù kejì ọdún, wọ́n máa ń ṣe àjọ̀dún níbẹ̀ fún ẹran omi kan tí ẹ̀gún bò lára bí òòrẹ̀, tútù ni wọ́n sì ń jẹ inú rẹ̀. Èmi kò jẹ ẹ́ rí, n kò sì ní í jẹ ẹ́.

Nígbà tí a fẹ́ padà, èmi ni mo ṣi ìwé àkókò ọkọ̀ kà: ti ọjọ́ iṣẹ́ ni mo wò. Ọkọ̀ ti lọ. Ìyàwó mi kò bá mi sọ̀rọ̀. Wákàtí méjì ni a fi jókòó lórí àga gígùn, ibẹ̀ ni Ìyá sì ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn: bí àwọn ṣe máa ń ru ẹ̀kọ sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ Parakou nígbà tó bá dúró ní Sábẹ́, bí ọkùnrin kan ṣe gba ẹ̀kọ mẹ́fà, tí ọkọ̀ gbéra kó tó sanwó, tó sì ju owó náà sílẹ̀ lójú fèrèsé ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ọmọ mi àgbà, tí kì í dá wọn lóhùn àfi ní Faransé, bi wọ́n ní Yorùbá pé: «Màmá àgbà, ẹ̀kọ mẹ́fà, èló ni?»

Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó dé Saint-Charles. Bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀, àwọn ọmọ ń ka àtẹ̀gùn ní Yorùbá. Ogún ni wọ́n mọ̀ ọ́n kà dé. Ìyá ló ń fi ìyókù sí wọn lẹ́nu. Lálẹ́ ọjọ́ náà, wọn kò dárúkọ ọkọ̀ òfuurufú.